Ìkejì Kì í Sùn Lábẹ́ Òrùlé Kan Náà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́: inú ń bí mi. Wọ́n ní kí n bá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́ sọ̀rọ̀, kí n ròyìn bí mo ṣe lo ayé mi nídìí títún kọ̀ǹpútà ṣe ní Minna níbí. Ẹni tó bá ń retí ọ̀rọ̀ dídùn, kó yáa yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Mo ti fẹ̀yìn tì, ojú mi kò ríran tó láti máa wo wáyà tín-ín-rín mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì mú, mo sì ráyè bínú báyìí ju ìgbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ.

Jòsáyà lorúkọ mi. Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí mi ti wá, ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n, ṣùgbọ́n àdúgbò Limawa ní Minna níbí ni wọ́n bí mi sí, èdè Hausa ni mo sì kọ́kọ́ fi bú èèyàn. Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò ní ìtàn: bàbá mi mọ Alfa Yúnúsà, ó mú mi lọ bá a, Alfa wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Iṣẹ́ náà bọ́ mi, ó bọ́ ìyàwó àti ọmọ, a sì ń gbé nínú ilé tiwa ní Tunga Low Cost. Ọ̀rọ̀ owó parí síbẹ̀.

Ọmọ Ìlọrin ni Alfa Yúnúsà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Shango, ilé rẹ̀ wà ní Limawa. Láàárọ̀ ó ń tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti rédíò ṣe, nírọ̀lẹ́ ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú, bí oṣù ààwẹ̀ bá sì dé, òun ló ń ṣe wàásí ní mọ́sálásí àdúgbò. Ohùn rẹ̀ nípọn, kì í sì í yára sọ̀rọ̀. Á bẹ̀rẹ̀ ní Yorùbá, á bọ́ sí Hausa láàárín, á tún padà, kò sì sí ẹni tó máa mọ ibi tó ti yà. Èmi ọmọ Onítẹ̀bọmi máa ń dúró sẹ́bàá ògiri mọ́sálásí láti gbọ́ ọ, ìyá mi á sì bá mi jà tí mo bá délé.

Ẹ má rò pé ohùn yẹn dùn létí tó bá jẹ́ ìwọ ló ń bá wí. Láyé ìgbà yẹn, bí rédíò bá dákẹ́, gbígbá la máa ń gbá a. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ní Minna: ẹ gbá a létí, á sọ̀rọ̀. Nígbà tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù wa, ọ̀kan ń dún tí-tí-tí nínú, mo bá gbé ọwọ́ sókè láti gbá a. Alfa di ọwọ́ mi mú lókè níbẹ̀, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ó fi bá mi wí tán. Ó ní rédíò lè fara da àbàrá, nítorí ọ̀rọ̀ tó ń sọ kì í ṣe tirẹ̀, ibòmíràn ló ti ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n inú háádì ni kọ̀ǹpútà ń kó gbogbo ohun tí a fi sọ́wọ́ rẹ̀ sí. Àwo pẹlẹbẹ kan ló ń yí nínú rẹ̀ bíi rẹ́kọ́ọ̀dù, abẹ́rẹ́ tó ń kà á sì sún mọ́ ọn débi pé eruku kò rí ọ̀nà gbà láàárín wọn. Gbá a lẹ́ẹ̀kan, abẹ́rẹ́ á ha àwo, ohun tó bá ti ha ti lọ nìyẹn.

Láti ìgbà náà ló ti sọ ọ́ di òfin pé ká máa fi etí sí háádì láràárọ̀ ká tó fọwọ́ kan ohunkóhun. A ó tan ẹ̀rọ, a ó dákẹ́, a ó tẹ́tí. Háádì tí ara rẹ̀ dá máa ń kùn jẹ́ẹ́. Èyí tó bá ń dún tí-tí, tàbí tó ń yí tó ń dúró, tàbí tó ń pẹ́ kó tó ṣí fáìlì tí kì í pẹ́ ṣí tẹ́lẹ̀, ó ń dágbére ni. Alfa máa ń sọ pé háádì kì í kú lójijì, ẹ̀yin lẹ kì í gbọ́. Ẹ̀rọ tuntun ayé ìsinsìnyí kò ní ohunkóhun tó ń yí nínú mọ́, ó lè kú láìdún rárá, ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí ẹ bẹ̀rù rẹ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ẹ ń sùn, ẹ ń han-anrun.

Ìyà tó jẹ mí jù nìyí. Alfa fún mi ní ìwé ẹjọ́ lọ́yà kan láti tẹ̀ sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, àwo ike pẹlẹbẹ tí a ń kó iṣẹ́ sí nígbà náà. Mo tẹ̀ ẹ́ láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n ń pe ìrun Àlàásárì. Ọrùn ń ro mí, inú mi sì ń dùn. Alfa dé, ó yọ dísíkẹ́ẹ̀tì náà, ó jù ú sínú àpò gbárìyẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Ó ti bàjẹ́. Ìkejì dà?"

Mo ní, "Kò bàjẹ́, Alfa. Ẹ̀yin lẹ mú un sápò."

"Mo ní ó ti bàjẹ́. Ìkejì dà?"

"Kò sí, Alfa."

"A jẹ́ pé o ò tíì ṣiṣẹ́ kankan láti àárọ̀ nìyẹn. Jókòó."

Mo jókòó, mo sì tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀. Mo ń sunkún, mo ń tẹ̀. Ó jókòó tì mí, ó ń jẹ obì, kò wo ojú mi. Nígbà tí mo parí, ó ní kí n ṣe ẹ̀dà kan sí i, kí n fi sínú ẹ̀rọ mìíràn kí n ṣí i wò, nítorí ẹ̀dà tí èèyàn ò tíì ṣí wò, àgbọ́sọ ni. Lẹ́yìn náà ló wá yọ ti àárọ̀ jáde nínú àpò, ó gbé e síwájú mi, ó lọ kírun. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò sọ iṣẹ́ oníṣẹ́ nù rí.

Òfin tó kẹ́yìn ló ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn mi: ìkejì kì í sùn lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú èkíní. Iná tó bá jó ṣọ́ọ̀bù kò ní béèrè èwo ni ojúlówó, olè náà kò ní fi ọ̀kan sílẹ̀ fún ọ. Nítorí náà, gbogbo ẹ̀dà iṣẹ́ tí a bá ṣe ní Shango, Alfa á kó o lọ sílé ní Limawa nírọ̀lẹ́, á wé e sínú fìlà rẹ̀ lórí itan tó bá wà lórí ọ̀kadà kó má baà gbọ̀n. Ìyàwó rẹ̀ kékeré ló ń gbà á pamọ́. Mo máa ń tẹ̀lé e délé nígbà mìíràn, mo sì mọ bí ó ti máa ń rí. Kí Alfa tó bọ́ bàtà, kó tó bu omi mu, á ti kígbe láti ẹnu ọ̀nà nípa ti ọjọ́ tó ṣíwájú: "Ìkejì dà?" Obìnrin náà á sì dáhùn láti yàrá inú, "Ó wà lọ́wọ́ mi, Alfa." Ìgbà yẹn ni Alfa á tó kí i.

Ayé ń yí, irinṣẹ́ ń yí. Dísíkẹ́ẹ̀tì lọ, síídì dé. Síídì lọ, fláàṣì tó kéré ju ìka lọ dé, àwọn èèyàn sì ń so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé bí ẹni pé ohun ọ̀ṣọ́ ni. Mo rí akẹ́kọ̀ọ́ tó kó gbogbo iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù kan, tó ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù kan náà, tó wá ń bú ẹ̀kún níwájú mi nígbà tí háádì kú. Mo rí ẹni tó gbé háádì sínú fìrísà nítorí ẹnìkan sọ fún un pé òtútù máa jí i, ó gbé e wá bá mi tòun ti yìnyín. Mo rí àwọn tó ń fi jẹnẹrétọ̀ tí iná rẹ̀ ń fò sókè fò sílẹ̀ lo kọ̀ǹpútà láìsí bátìrì tó máa gbà á dúró. Iná á lọ gbì, háádì á kú sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á ní ọ̀tá ni. Èwo ni ti ọ̀tá? Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín pé ni ogun ń pa.

Ní báyìí, èyí tó ń bí mi nínú jù.

Nígbà tí ọjọ́ ń lọ lórí Alfa, ó ní ká kó gbogbo wàásí rẹ̀ kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì sínú háádì, nítorí téèpù ti ń jẹrà nínú ooru. Oṣù bíi mélòó kan la fi ṣe é. A ń jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì máa sọ̀rọ̀ lọ, kọ̀ǹpútà ń gbà á. Láàárín iṣẹ́ yẹn ni ìyàwó kékeré bí ọmọ obìnrin kan, ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò retí mọ́. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, Alfa ní kí n gbé ẹ̀rọ tí a fi ń gba ohùn wá. Ó gbé ọmọ náà lọ́wọ́, ó pe orúkọ rẹ̀, Ràmátù, ó sì ṣe àdúrà fún un. Ohùn yẹn náà wọ inú háádì. Ìgbà kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ gbọ́ tí Alfa Yúnúsà pe orúkọ ọmọ yìí nìyẹn. Háádì kan wà lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ní Limawa. Ìkejì wà lọ́dọ̀ mi ní Tunga, nínú àpótí pákó, níbi tí oòrùn kò dé.

Àìsàn ọlọ́jọ́ díẹ̀ ló mú Alfa lọ. Ràmátù kò tíì rìn.

Kò pẹ́ sí àkókò yẹn tí Sàlíù, àkọ́bí Alfa, ọmọ ìyáálé, wá bá mi pẹ̀lú àwọn àgbà méjì. Ó kí mi dáadáa, ó pè mí ní ẹ̀gbọ́n. Ó ní gbogbo ohun tí bàbá àwọn fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ojú kan kí wọ́n tó pín ogún, kí ẹnikẹ́ni má baà jẹ ohun ẹlòmíràn. Mo ní kò burú, kí ó jẹ́ kí n ṣe ẹ̀dà kan ná. Ó mi orí. Ó ní ogún tí a kò tíì pín, a kì í fọwọ́ kàn án, a kì í bù ú, a kì í sì í sọ ọ́ di méjì. Àwọn àgbà ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo wò wọ́n lójú. Èmi kì í ṣe ọmọ ilé, n kì í ṣe ará ẹ̀sìn wọn, ohun tí mo bá sì dì mú, olè ni wọ́n máa pè mí. Mo gbé e fún wọn. Wọ́n gba ti ọwọ́ opó náà pẹ̀lú, wọ́n fi aṣọ àrán wé háádì méjèèjì pa pọ̀, wọ́n kó wọn sínú àpótí irin kan, wọ́n sì tì í. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kó èkíní àti ìkejì sábẹ́ òrùlé kan náà, nínú yàrá tí páànù rẹ̀ gbóná débi pé ẹran tútù lè gbẹ síbẹ̀.

Wọ́n ò pín ogún náà. Sàlíù àti àbúrò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ṣọ́ọ̀bù Shango. Ìjà náà dé ọ̀dọ̀ àwọn alfa, ó dé kóòtù, ó padà sílé, títí ọmọ-ọwọ́ fi di ọmọge. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Gbogbo ìgbà tí mo bá pàdé Sàlíù ni mò ń bẹ̀ ẹ́. Mo ní háádì tí a kò tàn ń kú bí èyí tí a lò ní ìlòkulò ṣe ń kú, pé ó yẹ kí a máa jí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó lè yí. Á rẹ́rìn-ín, á ní, "Sai hakuri, ẹ ṣe sùúrù, ẹ̀gbọ́n. Àmánà ni, ohun tí wọ́n fi sọ́wọ́ wa. Ó wà nínú àpótí, kò síbi tó ń lọ." Ó dá a lójú pé ohun tí kò kúrò lójú kan kò lè sọnù.

Ràmátù fúnra rẹ̀ ló jẹ́ kí wọ́n ṣí àpótí níkẹyìn. Ó fẹ́ ṣe nìkáì, ó sì lọ kúnlẹ̀ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun kò béèrè ilé, òun kò béèrè ṣọ́ọ̀bù, ohùn bàbá òun tó pe orúkọ òun ni kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ kí òun tó wọ ilé ọkọ. Ojú tì wọ́n. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

Mo gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan lọ sí Limawa. Wọ́n ṣí àpótí níṣojú gbogbo wa. Mo so háádì àkọ́kọ́ mọ́ ẹ̀rọ, kò mira rárá. Mo so ìkejì, ó yí, ó dúró, ó tún yí, ó wá ń dún tí-tí-tí. Mo sún mọ́ ọn, nítorí èyí tó ń dún ṣì ní nǹkan nínú. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, pé a ó gbé e bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn tó ń ṣí inú háádì ní yàrá tí kò ní eruku ní Abuja. Mo yí sí ara ògiri láti pa iná. Mo gbọ́ àbàrá lẹ́yìn mi.

Sàlíù ni. Ọmọ atúnrédíòṣe. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó sì gbá háádì náà bí a ṣe ń gbá rédíò bàbá rẹ̀ láyé ijọ́un, ó ní, "Kai, tashi mana." Dìde o. Ó dún bí ẹni fi èékánná ha páànù, ó sì dákẹ́.

A ṣì gbé méjèèjì lọ sí Abuja. Wọ́n ní ooru ti ba inú ti àkọ́kọ́ jẹ́, abẹ́rẹ́ sì ti ha àwo ìkejì yí po, pé kò sí ohun tí ẹ̀dá lè ṣe sí i. Nígbà tí mo wá jíṣẹ́ fún wọn, Sàlíù gbé ojú sókè, ó ní kádàrá ni. Mo ní, "Kádàrá kọ́, Sàlíù, àbàrá ni. Àbàrá àti àpótí." Mi ò tíì bá a sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà, ẹ má sì bẹ̀ mí sí i. Mo mọ̀ pé ó fẹ́ràn bàbá rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ọ̀tá ì bá jí ọ̀kan kó fi ọ̀kan sílẹ̀, ìfẹ́ ló kó méjèèjì pa pọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹ kọ́ ọ. Iṣẹ́ gidi ni, kò ní tán, nítorí èèyàn kò ní yé gbàgbé. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé a ò lè jí háádì tó ti kú bí ó ti wà, irọ́ ni gbogbo ẹni tó bá ṣèlérí bẹ́ẹ̀ ń pa. Kó tó kú niṣẹ́ wa. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ ṣe ẹ̀dà, ẹ ṣí i wò, ẹ gbé e kúrò nílé, ẹ sì máa jí i. Ẹni tó bá ní ó wà nínú fóònù òun, ẹ bi í pé fóònù náà ńkọ́ tó bá já bọ́ sínú kànga.

Ó ku díẹ̀ kí nìkáì pé ni Ràmátù wá pè mí. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ dúró ti ẹ̀rọ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ bá mi sọ ohun tó wí." Mo tẹ̀lé e lọ sílé ìyá rẹ̀ ní Limawa. Ìyá náà ti dàgbà, ojú rẹ̀ ti lọ, orí ẹní nínú yàrá inú ló máa ń wà. Ràmátù gbé fóònù kalẹ̀ níwájú mi láti gba ohùn mi. Mo pa ojú dé, mo sì wá àdúrà yẹn rí níbi tó wà lórí mi. Mo ní bàbá rẹ̀ sọ pé, "Ràmátù, o ò ní dá wà. Ibi tí o bá fi ẹsẹ̀ sí, wàá bá ẹni tìẹ níbẹ̀. Ohun rere tí o bá ní lọ́wọ́ ọ̀tún, Ọlọ́run á fi irú rẹ̀ sí òsì." Ohùn tèmi tín-ín-rín ni, kò jọ tirẹ̀. Ó nu ojú, ó dúpẹ́, ó sì ju fóònù náà sínú báàgì.

Mo béèrè pé ìkejì dà. Ó ní tí òun bá ráyè, òun á fi ránṣẹ́ sí ọkọ òun.

Tí ó bá ráyè. Mi ò mọ ibi tí ohùn ìbínú yẹn ti jáde. Ó nípọn, ó ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, ilé sì gbà á: "Ràmátù! Ìkejì dà?"

Nínú yàrá inú, ẹní dún. Ìyá náà ti dìde jókòó.

Ó ní, "Ó wà lọ́wọ́ mi, Alfa."

Ràmátù wò mí, èmi náà wò ó. Ó yọ fóònù jáde nínú báàgì, ó sì fi í ránṣẹ́ lójú mi.